Fáìlì Tí Mo Pọ̀n ní Kóòtù

Màámi, ẹ má tíì dá mi lóhùn, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán kí n tó gbàgbé. Mo wà ní kóòtù gíga ní Íńdíà, níbi tí wọ́n ti fẹ́ dá ẹjọ́ Túndé, àbíkẹ́yìn yín. Akọ̀wé kóòtù gbé fáìlì ẹjọ́ náà jáde, aṣọ pupa ni wọ́n fi dì í. Fáìlì bú sẹ́kún. Akọ̀wé ní, “Màdáámú, ẹ pọ̀n ọ́n, ọdún kẹrin rẹ̀ rèé nínú kọ́bọ́ọ̀dù.” Mo fi ọ̀já pọ̀n ọ́n, mo ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún. Ó gbóná bí ara ọmọ, ó sì ń wúwo sí i nígbàkígbà tí wọ́n bá ní ká padà wá lọ́jọ́ mìíràn.

Adájọ́ wọlé, gbogbo èèyàn dìde, èmi nìkan ni mo kúnlẹ̀ bí ẹ ṣe kọ́ mi. Ó wò mí títí, ó wá fi Yorùbá ilé wa sọ pé, “Sọ̀ ọ́ kalẹ̀, kí n gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀.”

Mo tú ọ̀já. Fáìlì dì mọ́ mi lọ́rùn, ó fi ohùn Túndé ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má sọ̀ mí kalẹ̀.”

Mo jí. Ọwọ́ mi méjèèjì ṣì wà lẹ́yìn mi.