Ìgò Kanjang Ilé Ki

Ojú ogun ni wọ́n ti gba kanjang ilé Ki là. Nígbà tí àwọn ọmọ ogun ń sún mọ́ Damyang ní Korea lọ́dún 1950, ìyá ọkọ Ok-bun fi ṣíbí fàdákà sílẹ̀, ó fi aṣọ ìgbéyàwó rẹ̀ sílẹ̀, ó bu kanjang náà, omi ẹ̀wà sóyà oníyọ̀ tí wọ́n fi ń se ọbẹ̀, èyí tí ìran mẹ́fà ti ń tọ́jú, sínú akèrègbè, ó sì pọ̀n ọ́n gun òkè lọ. Lẹ́yìn ogun, ohun tó wà nínú akèrègbè yẹn ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ìkòkò tuntun. Omi náà dúdú, iyọ̀ rẹ̀ ti di òkúta nísàlẹ̀. Ọdọọdún ni wọ́n ń bù díẹ̀ sínú tuntun kí tuntun lè jogún adùn ti àtijọ́.

Ok-bun gbà á lọ́wọ́ ìyá ọkọ rẹ̀ pẹ̀lú àṣẹ kan ṣoṣo: kò gbọdọ̀ kúrò lọ́wọ́ ẹni tí ń ṣọ́ ọ. Ó pa á mọ́ títí irun rẹ̀ fi funfun. Nígbà òjò tó kọjá, ìjì ṣí páànù aládùúgbò, páànù náà já lu ìkòkò ńlá náà, ó sì fọ́ ọ. Ohun tí Ok-bun rí fi abọ́ bù nínú òjò kò ju ìgò kan lọ.

Kò bí ọmọkùnrin tí ìyàwó rẹ̀ ìbá jogún rẹ̀. Àwọn àgbà ìdílé ní kí ó gbé e fún ìyàwó ọmọ ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀. Ó bi wọ́n léèrè pé, “Èyí tó ń ra kanjang oníke ní ọjà ni ẹ ń wí?” Hye-in ọmọbìnrin rẹ̀, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ra ilé ní Toronto, ilé tí oòrùn tó ń mú kanjang gbó ń ràn sí ẹ̀yìnkùlé rẹ̀, ni ó pinnu láti gbé e fún.

Ohun ọlá kì í bá bàtà àti àwọ̀tẹ́lẹ̀ gbé inú àpótí kan náà. Nítorí náà, Ok-bun gbé ìgò náà mọ́ àyà wọ pápákọ̀ òfurufú Incheon, nínú báàgì ọwọ́ rẹ̀. Ẹ̀rọ ayẹ̀rùwò dá a dúró.

“Màmá, ẹ̀yin lẹ ni báàgì yìí?” Ọ̀dọ́mọbìnrin kan tó wọ aṣọ ẹ̀ṣọ́ ni; orúkọ tó wà láyà rẹ̀ ni So-dam. “Omi wà nínú rẹ̀.”

“Kì í ṣe omi. Kanjang ni.”

“Ohunkóhun tó bá ń ṣàn, tàbí tó ṣeé fi pa búrẹ́dì, omi ni lójú òfin. Èyí tó bá ju ọgọ́rùn-ún mìlílítà lọ ò lè bá yín wọ inú bàálù.”

Mal-sun, àbúrò Ok-bun tí wọ́n jọ ń rìnrìn àjò, mí kanlẹ̀. “Ẹ̀gbọ́n mi, mo sọ fún yín nílé. Ẹ ní kanjang kì í bá bàtà sùn.”

“Pa ẹnu rẹ dé.”

Mal-sun kọjú sí ẹ̀ṣọ́. “Ọmọ mi, wo ìyá àgbà yìí dáadáa. Ṣé ó jọ ẹni tó lè já bàálù gbà? Sáà yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.”

So-dam rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ kò kúrò lórí báàgì. “Àǹtí, ìyá tó bí mi gbé ata lílọ̀ wá síbí lọ́dún tó kọjá, mo dá wọn padà. Wọn ò bá mi sọ̀rọ̀ títí ọdún ìkórè fi dé. Tí mo bá wá jẹ́ kí tiyín kọjá, ojú wo ni màá fi wò wọ́n?”

Ok-bun wo ọmọ náà. Òun náà ti dá àwọn àgbà padà nítorí kanjang yìí. Ọmọ yìí náà ń ṣọ́ ohun tí a fi lé e lọ́wọ́.

“Kí ló wá kù tí mo lè ṣe?”

“Ẹ fi í sílẹ̀ kí a dà á nù, tàbí kí ẹ padà síbi tí ẹ ti kó ẹrù sílẹ̀, kí báàgì yìí náà lọ sábẹ́ bàálù. Àyè ṣì wà. Ẹ sáà wé e dáadáa.”

“Ṣé wọ́n máa rọra gbé e?”

“Mi ò ní parọ́ fún yín, Màmá. Jíjù ni wọ́n máa ń jù ú.”

Èrò ń kọjá lọ́tùn-ún lósì. Bí ìgò náà bá fọ́, ilé Ki kò ní kanjang mọ́ láyé. Ok-bun rántí ohun tí ìyá ọkọ rẹ̀ sọ fún un: nígbà tí ìbọn sún mọ́ òkè, ó sin akèrègbè náà sábẹ́ àpáta, ó sì sá kúrò níbẹ̀ kí ó tó padà wá hú u. Obìnrin tó pàṣẹ fún un náà ti jọ̀wọ́ rẹ̀ rí, nígbà tí jíjọ̀wọ́ nìkan ni ó lè gbà á là. Ó gbé báàgì rẹ̀, ó sì yí padà.

Níwájú àwọn tó ń gba ẹrù, ó fa aṣọ síliki tó rán láti fi wọ ilé ọmọ rẹ̀ yọ, ó sì fi wé ìgò náà ní ìlọ́po-ìlọ́po.

“Síliki? Tó bá wá fọ́ ńkọ́?” ni Mal-sun wí.

“Aṣọ á mu ún, Hye-in á sì fún un sínú ìkòkò.”

Ní Toronto, báàgì náà pẹ́ kí ó tó jáde. Hye-in kò dúró dé ilé. Orí ìkúnlẹ̀ ni ó wà láàárín èrò tí ó fi ń tú síliki náà. Aṣọ gbẹ. Ìgò pé. Ok-bun na ẹ̀yìn rẹ̀ ró ṣánṣán, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì gbé e lé ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́.

“Ìkòkò Damyang ti ṣófo,” ni ó wí. “Bí tìrẹ bá ti gbó, o jẹ ilé yẹn ní gbèsè ìgò kan.”