Iyọ̀ Nínú Igò Dáyámọ́ńdì

Ẹ̀gbọ́n ni gbogbo ilé iṣẹ́ ìwádìí wọn ń pè é, òun ló sì ti ń bá eruku dáyámọ́ńdì wọ̀yá ìjà kí ẹnikẹ́ni tó dé ibẹ̀. Eruku náà kéré ju ohun tí ojú lè rí, ṣùgbọ́n olóríkunkun ni. Wọ́n fẹ́ kó fọ́n ká sínú omi, àmọ́ bó bá ti kàn án, á ṣù mọ́ra, á rì sí ìsàlẹ̀ igò. Ẹ̀gbọ́n fi ìlẹ̀kẹ̀ líle wẹ́wẹ́ lọ̀ ọ́ títí kó lè tú ká, ìdọ̀tí ara ìlẹ̀kẹ̀ ló kó bá omi.

Àfi ìgbà tí ọmọbìnrin kan dé, ọmọ àná lásánlàsàn, tó da iyọ̀ ìdáná sí i débi tí iyọ̀ ò lè yọ́ tán, tó wá gbé e sínú ẹ̀rọ tó ń fi ìró gbọn omi. Hóró iyọ̀ ń gbá ìṣù eruku, ó ń fọ́ ọ sí wẹ́wẹ́. Lẹ́yìn náà ló fi omi mímọ́ fọ iyọ̀ náà kúrò, nítorí bí iyọ̀ bá ṣẹ́kù, eruku á tún ṣù padà. Omi náà dúdú bíi tíì, eruku ò sì rì mọ́. Bí wọ́n ṣe sọ ọmọ náà ní Oníyọ̀ nìyẹn.

Owú bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ Ẹ̀gbọ́n. Iyọ̀! Iyọ̀ tí òun ń bù sí ọbẹ̀ láti kékeré! Bí Oníyọ̀ bá kí i, á ní ó ń fi òun ṣẹ̀sín. Bí kò bá kí i, á ní ó ti ń gbéra ga. Èyí tó wá dùn ún jù ni pé àwọn àlejò ń bọ̀ wá wo igò náà, ẹni tó bá ni iṣẹ́ inú rẹ̀ ni wọ́n máa fi ṣe olórí yàrá ìwádìí tuntun, ipò tí Ẹ̀gbọ́n ti ń retí tipẹ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, Oníyọ̀ jáde lọ pàdé àlejò. Ìbínú ò mọ̀ pé olúwa òun ò lẹ́sẹ̀ ńlẹ̀. Ẹ̀gbọ́n fi ìka bu iyọ̀ sínú igò, ó gbọ̀n ọ́n.

“Ṣebí iyọ̀ lo fẹ́ràn,” ló wí.

Nígbà tí àlejò fi máa jókòó, omi ti tòrò lókè, gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ dúdú ti jókòó sí ìsàlẹ̀. Ọ̀gá ilé iṣẹ́ gbé igò sókè, ó yíjú sí Ẹ̀gbọ́n.

“Ẹ̀gbọ́n, kí ló ṣe igò yín?”

“Igò tèmi kẹ̀?”

“Oníyọ̀ ló wá bá mi lánàá. Ó ní mi ò gbọ́dọ̀ fi òun ṣe olórí lé yín lórí, pé iṣẹ́ yín ni kí n pè é. Ohun tí mo sì sọ fún àwọn àlejò wa nìyẹn.”

Oníyọ̀ ti ń sunkún. “Ẹ̀gbọ́n, ẹ dákun, ẹ má bínú. Ó jọ pé mi ò fọ iyọ̀ ẹ̀ tán. Èmi ni mo dójú tì yín.”

Gbogbo ojú wá ń wo Ẹ̀gbọ́n, bóyá yóò dárí ji ọmọ náà. Ó ká ọwọ́ sẹ́yìn. Iyọ̀ ṣì wà lábẹ́ èékánná rẹ̀.