Aṣòfin Tí Odò Gbé Ìlú Rẹ̀ Lọ

Eliphalet Stroud, ará ìlú Pardee létí odò Missouri, ti ṣe aṣòfin títí irùngbọ̀n rẹ̀ fi funfun. Ohun kan ṣoṣo ló ń bá kiri: kí wọ́n fi òfin de odò, kó má jẹ ilẹ̀ Pardee mọ́. Ọdọọdún ló ń dábàá rẹ̀, ọdọọdún ni wọ́n ń fi í ṣẹ̀sín. Lọ́jọ́ kan, ebi ń pa gbogbo ilé ìgbìmọ̀, òórùn ẹran ẹlẹ́dẹ̀ yíyan sì ń gba ojú fèrèsé wọlé. Wọ́n bá pariwo "bẹ́ẹ̀ ni!" kí wọ́n lè ráyè dìde. Bí àbá ṣe di òfin nìyẹn.

Odò kọ etí ikún sí i. Bí yìnyín ṣe yọ́, ó gbé ọjà lọ, ó gbé ṣọ́ọ̀ṣì tẹ̀ lé e. Àwọn ará ìlú kó ẹrù, wọ́n sọdá sí Nebraska, tó jẹ́ ìpínlẹ̀ mìíràn. Ó wá ku ilé kan ṣoṣo lórí òkè: Eliphalet, Tabitha ìyàwó rẹ̀, àti Obed, àbúrò Tabitha, ọ̀lẹ tó ń bá wọn gbé.

Ìdìbò dé, Obed ní òun náà á díje.

"Ìwọ kẹ̀? Ta ni yóò dìbò fún ọ?"

"Èmi fúnra mi ni, ẹ̀gbọ́n. Ta ló kù tí yóò dìbò fún yín?"

Eliphalet yíjú sí ìyàwó rẹ̀.

"Ẹ má wò mí o," ni Tabitha wí. "Ṣebí ẹ̀yin aṣòfin lẹ ní obìnrin ò gbọdọ̀ dìbò."

Eliphalet kò mikàn. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó sọ̀rọ̀ ìpolongo títí Obed fi sùn lọ.

Lọ́jọ́ ìdìbò, òṣìṣẹ́ ìjọba fi ọkọ̀ gbé àpótí ìbò wá. Nígbà tó kà á, Obed ní ìbò méjì, Eliphalet kò ní rárá.

Tabitha la ẹnu sílẹ̀. "Ta ló di ìbò kejì?"

Eliphalet dorí kodò. "Èmi ni. Ọmọlúàbí kì í dìbò fún ara rẹ̀. Mo rò pé òun náà á dìbò fún mi."

"Obed! Ìgbà wo ni Obed ya ọmọlúàbí?" Tabitha rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀.

Eliphalet kò lè jẹun lálẹ́ ọjọ́ náà. Síbẹ̀, òun ló fi ọkọ̀ gbé Obed lọ síbi tí yóò ti wọ ọkọ̀ reluwé.

"Ẹ̀gbọ́n, kí ni wọ́n tiẹ̀ ń ṣe nílé ìgbìmọ̀?"

"Wọ́n ń jókòó."

"Ẹ̀n-ẹ́n! Ìyẹn ò lè ṣòro fún mi."

Obed pẹ́ nípò náà. Eliphalet àti Tabitha sọdá sí Nebraska, ọkùnrin náà sì di atukọ̀, ó ń kó èrò sọdá odò. Níbẹ̀ ni àwọn ènìyàn ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ dópin, nítorí èrò kò ríbi sá sí láàárín omi.