Àràbà Ẹ̀yìn Ṣọ́ọ̀ṣì

"Ẹ wo igi àràbà yẹn," ni bàbá Verlyn wí, ó sì na àjẹ̀ ọwọ́ rẹ̀ sí òkè ilẹ̀. "Ẹ rí i lẹ́yìn òrùlé pupa ṣọ́ọ̀ṣì? Bó bá ti dúró gan-an sí ẹ̀yìn àgbélébùú, a dé ẹnu ọ̀nà àárín òkúta nìyẹn. A ó yà wọlé."

Àwọn àlejò mẹ́ta tó ń tẹ̀lé e lórí omi gbójú sókè. Verlyn náà gbójú sókè láti ẹ̀yìn pátápátá, níbi tó ti ń tu ọkọ̀ kékeré tirẹ̀ bọ̀ bí ìṣe rẹ̀. Ó rí ṣọ́ọ̀ṣì. Ó rí òrùlé pupa, ó rí àgbélébùú. Àràbà kò sí níbẹ̀.

Ó ti wó. Kí Kérésì tó dé ló ti wó, láàárọ̀ ọjọ́ kan tí òjò rọ̀ mọ́jú, láìsí ìjì, láìsí atẹ́gùn. Gbòǹgbò rẹ̀ ló jẹrà. Àwọn tó ń sun èédú ti gé ẹ̀ka rẹ̀ lọ tán. Ojú ọ̀run lásán ló kù níbi tó dúró sí. Àwọn àgbà a máa wí pé àràbà ò wó mọ́, ojú ti ìrókò. Èyí wó ní tirẹ̀, ojú ẹni tó sì fẹ́ tì kì í ṣe ti ìrókò.

"Mi ò rí igi kankan o, Ọ̀gákọ̀," ni Kamla wí. Òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Roshni, ni wọ́n jọ wà nínú ọkọ̀ kan. Trinidad ni wọ́n ti wá lo ìsinmi, ẹnu wọn kì í sì í sinmi ní tirẹ̀.

"O ò rí i? Igi tó ga ju ilé alájà mẹ́ta lọ! Ẹ gba awò ojú lọ́wọ́ ọmọ yìí kẹ́ ẹ bá a nù ún."

"Ẹ fi í sílẹ̀, Ọ̀gákọ̀," ni Roshni wí. "Ọkọ tó fẹ́ náà, bẹ́ẹ̀ ni ò ṣe rí i dáadáa kó tó fẹ́ ẹ."

"Roshni! Níwájú àwọn èèyàn?"

"Ṣé irọ́ ni mo pa?"

Ọ̀gbẹ́ni Duvall, ọkùnrin Kánádà tó tóbi, tó jókòó sínú ọkọ̀ tirẹ̀ bí ẹni jókòó sínú bàsíà ìwẹ̀, rẹ́rìn-ín títí ọkọ̀ náà fi ń mì. Bàbá Verlyn náà rẹ́rìn-ín. Verlyn nìkan ni ẹ̀rín kò pa.

Ohun tó ti ń rí láti bí ọdún kan wá bẹ̀rẹ̀ sí í tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́ níwájú rẹ̀. Lọ́jọ́ tí wọ́n gun kẹ̀kẹ́ yípo Carriacou, erékùṣù wọn, pẹ̀lú àwọn àlejò wọ̀nyí, bàbá rẹ̀ ní orúnkún ń dun òun, ó bá ọkọ̀ ẹrù lọ. Lánàá, nígbà tí wọ́n ń gun òkè, ó gbé ọwọ́ lé èjìká Ọ̀gbẹ́ni Duvall láti ìsàlẹ̀ dé téńté, ó ní, "Ìwọ ni mo fi ṣe ọ̀pá lónìí," gbogbo wọn sì fi ṣe ẹ̀rín. Nílé, bó bá ń bu tíì, ìka rẹ̀ a máa wà nínú ife. Ọjọ́ orí ni, ni Verlyn máa ń sọ fún ara rẹ̀. Ọjọ́ orí náà ló sì fi bo gbogbo rẹ̀ mọ́lẹ̀, bí ẹni fi ẹní bo ihò.

Ṣé ohùn àwọn èèyàn ni bàbá rẹ̀ wá ń tẹ̀lé kiri láti ọjọ́ yìí? Ṣé àwọ̀ pupa yẹn nìkan ló ń rí, tó wá ń fi èyí tó mọ̀ nígbà ojú dídán kún un?

Ẹnu ọ̀nà omi náà kò fẹ̀. Òkúta to sí ọ̀tún, ó to sí òsì lábẹ́ omi, ó mú bí ayùn. Lọ́jọ́ tí ìgbì bá ń ti àríwá wọlé bíi tòní, omi á gbé ọkọ̀ sókè, á sì sọ ọ́ kalẹ̀. Ẹni tó bá bá àyè rẹ̀ wọlé, eré ni. Ẹni tó bá ṣi àyè náà, orí òkúta ni ìgbì yóò ti gbé e lọ. Bàbá Verlyn sì ti ń yí imú ọkọ̀ rẹ̀ padà. Ó ti yà tètè jù.

"Papa!" Ohùn rẹ̀ kò ju ti ọmọ ẹyẹ lọ. Ó tún pè. "Papa, ẹ dúró! Iṣan fà mí lẹ́sẹ̀! Ẹ jẹ́ ká padà!"

"Ẹnu ọ̀nà gan-an ni iṣan wá ń fà ẹ́?" Bàbá rẹ̀ kò wẹ̀yìn. "Ṣe gírí, jàre. A dé. Igi náà ti wà lẹ́yìn àgbélébùú báyìí, mo ń rí i." Ó sọ fún àwọn àlejò pé, "Ẹ má dá a lóhùn. Ẹ̀yìn lọmọ yẹn fẹ́ràn. Láti kékeré ló ti ń tọ̀ mí lẹ́yìn bí òròmọdìyẹ."

Mo ń rí i. Ó sọ ọ́ pẹ̀lú ìgboyà, bí ẹni tí kò purọ́ rí láyé.

Ní etíkun wọn, ọmọ kì í fi imú ọkọ̀ rẹ̀ kọjá imú ọkọ̀ bàbá rẹ̀. Ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ ti wí fún gbogbo ayé pé bàbá òun ti kúrò lójú omi, yálà ó kú ni o, tàbí kò lè mọ́. Ọmọkùnrin kan ládùúgbò ṣe é lọ́dún kan nítorí ìkánjú lásán. Bàbá rẹ̀ délé, ó gbé àjẹ̀ sẹ́yìn ilẹ̀kùn, kò sì tún bọ́ sómi títí wọ́n fi sin ín. Kì í kúkú ṣe ìbínú ni wọ́n ní ó pa á.

Kí ló tún kù fún Ethelbert, bàbá rẹ̀? Láti ìgbà tí ìyá Verlyn ti kú, arúgbó ni lórí ilẹ̀, arúgbó tó ń wá bàtà rẹ̀ kiri. Orí omi yìí nìkan ló ti ń jẹ́ Ọ̀gákọ̀.

Ìgbì kan là sórí òkúta níwájú, ó funfun gbòò. Kamla kígbe, kì í sì í ṣe igbe eré mọ́.

Verlyn ki àjẹ̀ bọmi.

Ó kọjá lára ọkọ̀ àwọn ọmọ ìyá méjì. "Áà, iṣan náà ti tú nìyẹn?" ni Roshni wí. Ó kọjá Ọ̀gbẹ́ni Duvall. Nígbà tó bá bàbá rẹ̀ dọ́gba, tó jẹ́ pé bó bá na ọwọ́, yóò kàn án, bàbá náà yí orí sí ibi tí ìró omi ti ń bọ̀. Ojú rẹ̀ kò bọ́ sójú ọmọ rẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ etí rẹ̀ ló ń wò, bí ẹni ń wo ohun kan tó jìnnà lẹ́yìn rẹ̀.

"Ta nìyẹn?" ó béèrè jẹ́jẹ́.

"Èmi ni, Papa."

Ó sì fi imú ọkọ̀ rẹ̀ kọjá imú ọkọ̀ bàbá rẹ̀.

Ìdí ọkọ̀ tirẹ̀ fara kan ti bàbá náà, kọ́, bí ìgbà tí èèyàn kan ilẹ̀kùn lẹ́ẹ̀kan péré. Lẹ́yìn ìyẹn, kò gbọ́ ìró àjẹ̀ bàbá rẹ̀ mọ́. Ó ti gbé e lé orúnkún.

"Ẹ tẹ̀ lé mi!" Verlyn kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ohùn òun lè tó bẹ́ẹ̀. "Ẹ má yà síbẹ̀ yẹn! Ẹ̀yìn mi ni kẹ́ ẹ wà, gbogbo yín!"

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í la àjẹ̀ mọ́ omi, ó ń là á kíkankíkan ju bí ọkọ̀ ṣe nílò lọ, pà, pà, pà, kí ẹni tí ojú kò ràn lọ́wọ́ lè fi etí rí ọ̀nà. Ó dúró de ìró kejì. Kí ìgbì mìíràn tó dìde, ó gbọ́ ọ: àjẹ̀ àgbàlagbà, lẹ́yìn tirẹ̀ díẹ̀, tó ń tẹ ibi tí òun tẹ̀, bí ọmọ tó ń kọ́ ìrìn. Omi gbé wọn. Òkúta kọjá lọ́tùn-ún, ó kọjá lósì, ìfófò ta sí wọn lójú. Lẹ́yìn náà, omi tẹ́jú, wọ́n sì ti wọlé.

Lórí iyanrìn, Kamla fún omi kúrò nínú irun rẹ̀. "Ẹ̀yin náà, eré ìje lẹ ń bá bàbá yín sá ni? Ẹ̀mí fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lára mi!"

Bàbá rẹ̀ ló dáhùn.

"Òun ló ni iwájú," ó wí. "Láti òní lọ."

Kò sí ìbínú nínú ohùn rẹ̀, ìyẹn ló sì dun Verlyn jù. Bàbá náà fi ẹsẹ̀ wá ọ̀nà rẹ̀ lọ síbi òjìji igi kan, ó jókòó. Ọ̀gbẹ́ni Duvall, tó ti lóye ohun kan tí kò sọ, kó àwọn ọmọ ìyá méjì lọ síbi iná tí wọ́n ti fẹ́ sun gbẹ̀rẹ̀fútù. Wọ́n ń gbọ́ Roshni lókèèrè tó ń sọ pé ẹni tí kò fi ata sí ẹja oníyọ̀ kò fẹ́ràn ara rẹ̀.

Verlyn lọ jókòó ti bàbá rẹ̀. Bàbá náà ń bu iyanrìn, ó ń jẹ́ kó máa gba àárín ìka rẹ̀ yọ́ lọ.

"Nígbà wo ló wó?"

"Kí Kérésì tó dé, Papa."

"Hìn-ín." Ó bu iyanrìn mìíràn. "Cuthbert ọ̀rẹ́ mi dá mi dúró lẹ́nu géètì ṣọ́ọ̀ṣì. Ó ní, 'Ethelbert, o rí àràbà?' Mo ní mo rí i. Mo rò pé òwú rẹ̀ tó ń fò kiri ló ń sọ. Ó ní, 'Ó mà ṣe o.' Mo ní, 'Bẹ́ẹ̀ ni, ó ṣe.'" Èjìká rẹ̀ mì bí ti ẹni tó ń rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà kò sì jáde. "A dúró síbẹ̀, a ń kẹ́dùn. Òun ń kẹ́dùn igi. Èmi ò mọ ohun tí mò ń kẹ́dùn."

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi?"

"Kí n sọ kí ni? Ẹni tó bá ti lè sọ ọ́ jáde, ìjókòó sílé ló kù fún un." Ó nu ọwọ́ mọ́ ṣòkòtò. "Ó dáa. Sọ ọ́ fún mi. Bẹ̀rẹ̀ láti òkè wá. Ohun tó wà níbẹ̀ báyìí ni kó o sọ, kì í ṣe èyí tí mo mọ̀."

Verlyn bẹ̀rẹ̀. Ó ní páànù ṣọ́ọ̀ṣì ti dógùn-ún lápá òsì, ọ̀kan sì ti ṣí lọ. Ó ní wọ́n ti fi ọ̀dà búlúù kun ilé ìwé. Ó ní ọkọ̀ Cuthbert wà ní ìdojúdé, koríko sì ti hù gba abẹ́ rẹ̀ jáde. Gbogbo èyí tó bá sọ, bàbá rẹ̀ á mi orí, bí ẹni tí wọ́n ń sọ ìròyìn òkú fún lẹ́yìn ìrìn àjò gígùn. Verlyn kò fi nǹkan kan pamọ́. Ó rò pé ìyẹn ni ohun tó yẹ kóun ti ṣe láti ọjọ́ yìí.

"Ìyá rẹ ńkọ́?" ni bàbá rẹ̀ wí, ohùn rẹ̀ sì rọ̀. "Ọ̀dà tí mo kùn fún un nígbà Ọjọ́ Gbogbo Ẹni Mímọ́. Iyọ̀ òkun ò tíì bó o?"

Verlyn yí ojú sí ilẹ̀ ìsìnkú, níbi tí ilẹ̀ ti ga díẹ̀ lókè iyanrìn. Sàréè méjì wà létí kan, wọ́n jọra bí ìbejì. Ọ̀kan rí bí eérú, ewéko ti ń fà lé e. Ti ìyá rẹ̀ nìyẹn. Èkejì funfun láti orí dé ẹsẹ̀. Ti Augustin ni, Augustin tó bá Ethelbert jà nítorí ààlà ilẹ̀ títí ikú fi dá ẹjọ́ náà.

Ó rántí àṣálẹ́ Ọjọ́ Gbogbo Ẹni Mímọ́ náà, tí wọ́n tan àbẹ́là sórí àwọn sàréè. Gbogbo èèyàn rí ti Augustin bó ṣe ń dán. Wọ́n ní, "Ethelbert mà ti dárí jì í o. Ẹ wo ọkàn rere." Inú Verlyn dùn. Ó rò pé ọ̀dà ló tán kí bàbá òun tó kan ti ìyá òun, yóò padà wá kùn ún. Ọkọ ló ń kun sàréè ìyàwó níbi tí wọ́n wà yìí, nígbà tó bá ṣì wà láyé. Ẹlòmíràn kì í bá a fọwọ́ kàn án. Ìtìjú kò sì jẹ́ kó bi bàbá rẹ̀.

"Verlyn?"

"Ó funfun, Papa."

"Dáadáa?"

"Ó ń tàn. Kò sí èyí tó funfun tó o níbẹ̀."

Ojú bàbá náà tú ká, fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tí wọ́n ti gúnlẹ̀. Ó fara ti igi ẹ̀yìn rẹ̀. "Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo kùn ún," ó wí. "Ilẹ̀ ti ń ṣú, mi ò kánjú. Mo bá a sọ̀rọ̀ títí tí mo fi kùn ún tán. Ọ̀rọ̀ tí mi ò rí sọ nígbà tó wà láyé, mo sọ ọ́ tán pátá."

Ẹ̀fúùfù òkun fẹ́ wá, ó gbé òórùn gbẹ̀rẹ̀fútù tó ń jóná bọ̀. Verlyn kò gbé ojú kúrò lára sàréè tó rí bí eérú yẹn. Ó ti rò pé iwájú ni òun gbà lọ́wọ́ bàbá òun lórí omi lónìí. Ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ báyìí ju ìyẹn lọ. Ohun tó bá wí pé ó wà ni yóò wà, èyí tó bá sì gbé mì, kò sẹ́ni tí yóò bá bàbá rẹ̀ wá a rí.

"Máa sọ," ni bàbá rẹ̀ wí, ó na ọwọ́ títí ó fi rí ọwọ́ ọmọ rẹ̀ mú. "Lẹ́yìn ìyá rẹ, kí ló tún wà níbẹ̀?"