Ọjọ́ Tí A Fi Orrin Ṣe Ọta

Kí Orrin ọkọ mi tó kú, ó sọ fún mi pé òun ò fẹ́ ibojì. Ó ní kí a dáná sun òkú òun, kí n bu díẹ̀ nínú eérú òun sínú ọta ìbọn, kí n yìn ín lu irin pẹlẹbẹ tó wà ní máìlì kan sí ilé wa, lẹ́sẹ̀ òkè. Láti ọdún tó ti gbé irin náà síbẹ̀ ló ti ń yìnbọn sí i tí kò bà á. Mo ṣèlérí. Ta ló ń bá ẹni tó ń kú lọ jiyàn?

Ohun kejì tó bèèrè ló dá wàhálà sílẹ̀. Ó ní inú agolo idẹ òun, ìdí ọta tí a ń rọ ẹ̀tù sí, ni kí n rọ òun sí, èyí tó ń gba ìṣáná ńlá. Ìṣáná ni ọmọ idẹ tín-ín-rín tí a ń tẹ̀ sí ìdí agolo. Tí irin ìbọn bá gbá a, iná á ràn mọ́ ẹ̀tù. Ńlá wà, kékeré wà, ọ̀rọ̀ méjèèjì sì ti da ilé rú ní ìpínlẹ̀ Montana wa ju ọ̀rọ̀ ìjọ lọ. Kékeré ni Lyle ọmọ wa ń lò. Ó ní ihò kékeré kì í tètè fẹ̀, agolo rẹ̀ á sì pẹ́. Orrin ní ìṣeré ọmọdé ni.

Ardis, ẹ̀gbọ́n Orrin obìnrin, ti kó eérú lọ sin sí ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì láì bi mí. Ṣíbí kan ló ṣẹ́kù fún mi, bí ẹni ń fúnni ní ṣúgà. Ọta méjì ló kún. A sì ti ta ilẹ̀ náà. Ọjọ́ Ajé ni onílẹ̀ tuntun ń bọ̀ wá ti géètì.

Mo tú agolo Orrin wò lórí tábìlì. Ó ti rọ wọ́n, ó tún wọn rọ, títí ihò ìdí wọn fi fẹ̀ bí imú arúgbó. Bí mo bá tẹ ìṣáná sí i, á já bọ́ bí eyín. Ẹyọ kan péré ló dì í mú díẹ̀. Lyle rọ ìkejì sínú agolo tirẹ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni a jáde, nínú òtútù tí itọ́ ń dì kó tó balẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀ sórí yìnyín, mo fi ìbọn Orrin yin ọta àkọ́kọ́. Ó wọlẹ̀ lápá òsì irin.

“Ó ṣì ń tàsé,” ni Ardis wí. “Ikú pàápàá ò tún un ṣe.”

Nígbà tí mo ṣí ìbọn, agolo jáde, ìdí rẹ̀ ṣófo. Ìṣáná ti já bọ́ sínú ibi tí ìka fi ń fa ìbọn. Ìbọn há pátápátá.

Mo wo Lyle. “Pa ẹnu ẹ dé.”

“Màmá, mi ò tíì sọ nǹkan kan.”

“Ojú ẹ ti sọ ọ́.”

Ó gbé ìbọn tirẹ̀ fún mi, ó ki ọta kejì sí i. Mo fà á. Kẹ́! Kò sí nǹkan kan. A dúró bó ṣe yẹ, ẹnu ìbọn kọjú sí irin, bóyá á ṣì dún. Kò dún rárá.

“Ṣé ó ń sùn ni?” ni Ardis bèèrè.

“Òtútù ni,” Lyle wí, kò wojú mi. “Tó bá tutù báyìí, iná ìṣáná kékeré kì í fi bẹ́ẹ̀ tó.”

“O ò sọ bẹ́ẹ̀ nílé!”

“Ẹ ò bèèrè.”

Orrin ìbá rẹ́rìn-ín kú, ká ní kò tíì kú. Ṣùgbọ́n èmi ò lè rẹ́rìn-ín. Òun nìyẹn lọ́wọ́ mi, gbogbo ohun tó kù, oòrùn sì ti ń wọ̀. Ohun tí mo ṣe lẹ́yìn náà kò dára, kí ẹnikẹ́ni má ṣe é. Mo yọ ọta náà kúrò nínú ìbọn, mo tú bọ́tìnnì kóòtù mi, mo kì í sí àárín ọmú mi kó lè móoru.

“Ìyàwó!” Ardis pariwo. “Níwájú ọmọ!”

“Ẹ fi í sílẹ̀, Àǹtí. Orrin mọ ọ̀nà ibẹ̀,” ni mo wí.

A mu kọfí títí ọta náà fi gbóná bí ẹyin abẹ́ adìyẹ. Mo yára kì í sínú ìbọn, mo wo atẹ́gùn, mo fà á. Ó dún! A tẹ́tí, nítorí ọ̀nà jìn. Lẹ́yìn náà ni irin náà dáhùn láti ẹsẹ̀ òkè: gbáún.

Ẹkún gbọ̀n mí lórí yìnyín.

“Pẹ̀lú ìṣáná kékeré!” Ardis ní. “Inú á bí i.”

“Kó bínú. Ó ti bà á.”

Lyle nu imú, ó ṣa agolo náà, ó fi àtàǹpàkò tẹ ìdí rẹ̀ wò.

“Ó ṣì le dáadáa, Màmá. A ṣì lè rọ ọ́ tó ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá sí i.”

“Ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá?” Ardis fà sẹ́yìn. “Ta ló tún fẹ́ kú?”