Kápúsù Tí Awẹ́lẹ́ Pín sí Méjì

Nílé ìfọṣọ tí wọ́n ti ń fọ aṣọ ìbùsùn àwọn ilé ìtura, ẹ̀gbọ́n ló ń fọ̀, Awẹ́lẹ́ àbúrò rẹ̀ ló ń lọ̀. Oyún Awẹ́lẹ́ ti hàn gbangba. Ẹ̀gbọ́n a máa fi ṣe yẹ̀yẹ́: "Ikùn yìí á ti dé ìdí tábìlì ìlọṣọ tipẹ́ kí ìwọ fúnra ẹ tó dé."

Lọ́sẹ̀ tí gbogbo ilé ìfọṣọ ń wúkọ́, ibà dá tẹ̀gbọ́n-tàbúrò dùbúlẹ̀ nínú yàrá kan náà. Dókítà àdúgbò ní ọ̀fìnkìn líle ni. Kápúsù kan náà ló kọ fún wọn. Ó wá na ìka sí Awẹ́lẹ́: "Ìwọ aboyún, má dín in kù o."

Nígbà tí wọ́n délé, Awẹ́lẹ́ ń yí kápúsù náà lọ́wọ́. "Ẹ̀gbọ́n mi, oògùn tó ń pa kòkòrò, ṣé kò ní pa ọmọ mi lára?"

"Dókítà ti sọ̀rọ̀."

"Dókítà kọ́ ló lóyún."

Ẹ̀rín pa àwọn méjèèjì, ikọ́ sì já ẹ̀rín náà gbà mọ́ wọn lẹ́nu. Ẹ̀gbọ́n kọjú sógiri, ó sùn. Awẹ́lẹ́ ṣí kápúsù, ó da ìdajì nù, ó gbé ìyókù mì. Bẹ́ẹ̀ ló ń ṣe láàárọ̀, lálẹ́.

Ẹ̀gbọ́n làágùn, ara rẹ̀ rọlẹ̀, ó bèèrè oúnjẹ. Ti Awẹ́lẹ́ kò rí bẹ́ẹ̀. Ibà a dẹwọ́ bí ẹni ń tàn án, a tún padà. Ó di pé kò lè sọ gbólóhùn kan tán láìmí hẹlẹhẹlẹ. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n rí i pé ètè rẹ̀ ń dú bí aró, ó figbe ta.

"Oògùn kan náà la jọ ń lò! Kí ló dé?"

"Ìdajì... ni mo ń lò," ni Awẹ́lẹ́ wí. "Nítorí ọmọ."

Wọ́n gbé e dìgbàdìgbà lọ sílé ìwòsàn ńlá. Nọ́ọ̀sì fi ike afẹ́fẹ́ bò ó nímú. Dókítà obìnrin kan fa ẹ̀gbọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́.

"Àǹtí, ara aboyún kì í ṣe ara àná. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ pọ̀ sí i, kíndìnrín rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ àṣekára, kíákíá ló ń lé oògùn yẹn jáde pẹ̀lú ìtọ̀. Ká tiẹ̀ ní ó lo odidi, èyí tó máa kù nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò ní tó tiyín. Ìdajì wá ńkọ́?"

Ẹ̀gbọ́n di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Ọmọ ńkọ́, dókítà?"

"Ọkàn rẹ̀ ṣì ń lù. Àmọ́ bí èémí ìyá bá tún relẹ̀, a ó gbé e jáde láìtóṣù."

Ó relẹ̀. Wọ́n la ikùn Awẹ́lẹ́, wọ́n gbé ọmọ náà jáde, ọmọbìnrin tí kò tóbi ju àtẹ́lẹsẹ̀ àgbà lọ, wọ́n tẹ́ ẹ sínú àpótí gíláàsì. Awẹ́lẹ́ kò mọ̀. Ọjọ́ ń gorí ọjọ́, ẹ̀gbọ́n ń ti ọ̀dọ̀ ẹni tí kò lajú lọ sọ́dọ̀ ẹni tí kò lè sunkún.

Nígbà tí Awẹ́lẹ́ lajú, ikùn ni ọwọ́ rẹ̀ kọ́kọ́ lọ. Ó bá a pẹlẹbẹ. Ó wo ẹ̀gbọ́n.

"Ó wà láàyè," ni ẹ̀gbọ́n yára sọ.

Wọ́n fi kẹ̀kẹ́ tì í dé ìdí àpótí náà. Àyà ọmọ ń lọ sókè, ó ń lọ sílẹ̀, kò dọ́gba. Nígbà mìíràn, á dúró díẹ̀ kó tó tún lọ. Nígbàkigbà tó bá sì dúró, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò a dá èémí tiwọn náà dúró, wọ́n á máa retí rẹ̀.