Àgọ́ Kẹrin Pé

Bó bá ṣe pé fèrè fífọn ni iṣẹ́, à bá ní Ọ̀gá Fèrè ń ṣiṣẹ́. Òun ni olórí ibùdó tí igba ọmọ ẹgbẹ́ ọmọbìnrin kan pàgọ́ sí fún ọ̀sẹ̀ kan, ogún àgọ́, ọmọ mẹ́wàá mẹ́wàá. Ó fọn ọ́n kí wọ́n jí, ó fọn ọ́n kí wọ́n wẹ̀, ó ku díẹ̀ kó máa fọn ọ́n kí wọ́n tó mí. Lọ́jọ́ kìíní ló ti gba fèrè tí àwọn òbí so mọ́ ọmọ wọn lọ́rùn, gbogbo rẹ̀ pátá, ó kó o sínú báàgì. Ó ní ibùdó kan, fèrè kan. Ìyá Ìkòkò tó ń se oúnjẹ fún wọn kàn yínmú. Ọdún kọkànlélógún rèé tó ti ń dáná fún ẹgbẹ́ náà, ó ti rí olórí oríṣiríṣi, ṣùgbọ́n eléyìí, háà, eléyìí tún ga.

Èyí tó ń bí i nínú jù ni orí kíkà. Láràárọ̀, bí fèrè bá ti dún, àgọ́ tó bá kọ́kọ́ ké "Pé!" ló ń gba máàkì mẹ́wàá. Ta ló wá fẹ́ ka ẹnikẹ́ni? Fèrè kì í tíì dákẹ́ tí àwọn olórí àgọ́ á ti máa han bí ẹni tí iná jó. Ìyá Ìkòkò ní bó ṣe ń ka tirẹ̀. Igba kọ́ọ̀bù ló fi kọ́ sára okùn lẹ́bàá ààrò, nọ́ńbà ọmọ kọ̀ọ̀kan lára tirẹ̀. Ẹni tó bá wà nílé á wá mú tirẹ̀ fi mu tíì.

Láàárọ̀ ọjọ́ karùn-ún, kọ́ọ̀bù kan ṣẹ́kù: nọ́ńbà mẹ́tàdínlógójì. Ìyá Ìkòkò tún nọ́ńbà náà wò. Ó mọ ẹni tó ni ín, ọmọ kékeré àgọ́ kẹrin kan báyìí, tó máa ń kí i "Ẹ kúuṣẹ́, màmá" lẹ́ẹ̀mejì kó tó gba tíì. Kíá ló wá Ọ̀gá Fèrè lọ, níbi tó ti ń na okùn àgọ́ kó lè gún régé lójú àlejò tó ń bọ̀ wá fún àgọ́ tó kọ́kọ́ pé lọ́jọ́ náà ní àsíá.

"Ọ̀gá, ọmọ kan ò sí o."

"Ìyá Ìkòkò, ẹ jọ̀ọ́. Ọmọ àgọ́ wo?"

"Àgọ́ kẹrin."

"Àwọn ló kọ́kọ́ pé láàárọ̀ yìí! Àwọn ni àlejò wa máa fún ní àsíá."

"Kọ́ọ̀bù rẹ̀ ṣì wà lórí okùn."

"Kọ́ọ̀bù!" Ọ̀gá Fèrè bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ lọ wo ìkòkò yín, mà."

Ìyá Ìkòkò wò ó látòkè délẹ̀. Irú ẹ̀dá wo rèé, Olúwa? Ó sọ ṣíbí sílẹ̀, ó gba ọ̀nà igbó lọ, níbi tí wọ́n ti máa ń ṣẹ́gi. Odò wà nísàlẹ̀ ibẹ̀, ìyẹn ni kò jẹ́ kí ara rẹ̀ balẹ̀. Ó ń pè, ó ń gbàdúrà, ó sì ń ṣépè fún Ọ̀gá Fèrè, gbogbo rẹ̀ pa pọ̀.

Inú kòtò kan, kò tó ogún ẹsẹ̀ sí odò, ló ti rí ọmọ náà. Ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wú, ohùn rẹ̀ ti há.

"Wọ́n ní kí n lọ ṣẹ́gi wá kílẹ̀ tó mọ́," ló ń sọ, tó ń sunkún. "Mo pè, mo pè, màmá. Mo fọwọ́ wá fèrè mi lọ́rùn, mi ò rí i."

Ìyá Ìkòkò pọ̀n ọ́n. Nígbà tí wọ́n dé ibùdó, gbogbo ọmọ ti tò, àlejò sì ti ń na àsíá sí olórí àgọ́ kẹrin.

"Ìyá Ìkòkò!" Ọ̀gá Fèrè rọra pariwo. "Ẹ ò rí i pé a ń ṣe nǹkan lọ́wọ́ ni?"

"Mo rí i. Ẹ ń fún wọn ní àsíá pé wọ́n pé." Ó yí ẹ̀yìn sí i kó lè rí ojú ọmọ náà dáadáa. "Ta wá ni mo pọ̀n yìí, ìwọ ọ̀gá yìí?"

Olórí àgọ́ kẹrin, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, bú sẹ́kún. Ó ní àwọn ò kà. Ó ní kò sí àgọ́ tó ń kà. Àlejò ká àsíá rẹ̀, ó ní kí Ọ̀gá Fèrè fẹnu ara rẹ̀ ka gbogbo wọn lójú òun.

Ló bá ń kà. Ó ń nàka sí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, òógùn bò ó. Ẹ̀yìn Ìyá Ìkòkò ló parí rẹ̀ sí.

"Igba," ló wí. "Wọ́n pé."

Ọmọ náà gbé orí sókè.

"Ẹ jọ̀ọ́, mà," ló fi ohùn híhá wí, "ẹ fún mi ní fèrè mi."

Ọ̀gá Fèrè lọ gbé báàgì náà wá.